Ta Ni Yóò Máa Pe Ìbídùn?

Ẹ kó àga yín sún mọ́ mi, kí ẹni tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n sì pa á. Ẹ ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ti jẹun, oòrùn ṣì wà lókè, ẹnikẹ́ni kò lé yín. Bọ́sẹ̀ yóò padà sí ìlú òyìnbó lọ́sẹ̀ yìí. Dàpọ̀ yóò gba Àkúrẹ́ lọ lọ́la, ẹ̀yin ọmọ wọn yóò sì tẹ̀ lé wọn. Èmi àti ìyá yín àti ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nìkan la máa kù sínú ilé Arámọkọ yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín fún kò gùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́: bí mo bá kú ṣáájú ìyá yín, ta ni yóò máa pè é tí yóò fi dáhùn?

Ẹ má wo ara yín lójú. Gbogbo yín lẹ wà níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí a wá a nínú oko. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ mọ̀, ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ìdí náà sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn. Bí mo bá yà bàrá, ẹ fà mí padà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìlú ẹni lọ́wọ́ ẹni. Ẹnu la fi ń mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ ọjà, màá jókòó sẹ́yìn ìyá mi, màá di ojú, màá sì máa sọ àwọn tó ń kọjá fún un. Ará Ẹ̀fọ̀n ló ń bọ̀ yìí. Ará Ìdó-Ilé nìyẹn. Ti Ìkògòsì ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Bóyá ni mo fi ń ṣì í. Ará Ẹ̀fọ̀n máa ń gbé ìparí ọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ṣì ń gun òkè. Àwọn ará Ìjerò ní tiwọn, wọ́n á tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á tún fà á, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tó ń lọ. Àwa Arámọkọ nìkan la ń sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí ènìyàn sọ̀rọ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ń sọ nípa ara rẹ̀.

Gbogbo wa la ń pe ilé ní ulé, gbogbo wa la ń pe iṣu ní uṣu, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jáde lẹ́nu yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nígbà mìíràn láti àdúgbò dé àdúgbò. Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ láti ìlú mìíràn máa ń rìn wá, wọ́n á gbé orin wọn bọ̀ láti ìsàlẹ̀ odò. Wọn kò tíì yọ sí wa tí ìyá mi á ti máa gbé àga síta fún àwọn ará ìlú tí wọ́n ti bí i. Á ní, “Àwọn tèmi ti dé.” Orin kan náà ni gbogbo ìjọ ń kọ, inú ìwé orin kan náà, síbẹ̀ ó mọ tirẹ̀ yàtọ̀.

Inú oko ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Oko àwọn àgbà wa jìnnà, láàárín òkè àti igbó, ẹnìkan kò lè rí ẹnìkejì. Ohùn la fi ń wá ara wa. Bí o bá dé etí oko ẹnìkan, o kò gbọdọ̀ ṣàdédé wọlé. O óò dúró, o óò pe orúkọ rẹ̀, o óò sì dákẹ́. Òun náà kò ní tíì dáhùn. Yóò máa gbọ́ bí o ṣe pè é. Bí ohùn rẹ bá jọ ti ilé, yóò bi ọ́ láti ibi tó wà pé, “Ìsí?” Ìyẹn ni pé ta ni. O óò sọ ẹni tí o jẹ́. Yóò tún bi ọ́ ní nǹkan mìíràn, ohunkóhun tó bá sọ sí i lọ́kàn: kí lo rù, ta lo fi sílẹ̀ nílé, kí lẹ sè lánàá. Ìgbà tí ìdáhùn rẹ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó yọ sí ọ. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ bá ṣàjèjì, kódà kí o mọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, yóò pa iná, yóò bọ́ sẹ́yìn igi, yóò jókòó síbẹ̀ títí o óò fi kọjá lọ.

Ayé ogun ló bí àṣà náà. Bàbá bàbá mi sọ fún wa pé àwọn tó ń kó ènìyàn lẹ́rú a máa lúgọ sétí oko, wọ́n á gbọ́ orúkọ, wọ́n á sì fi orúkọ náà pe ẹni jáde. Orúkọ, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ lè pè é. Ṣùgbọ́n kí àlejò tó pè é bí ọmọ ìlú ṣe ń pè é, yóò pẹ́. Nítorí náà, kí ọmọ tó mọ ọkọ́ dì mú ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe jẹ́ ìpè àlejò nínú oko. Wọ́n ń nà wá sí i. Ẹ̀rù náà wọ inú egungun wa.

Èmi náà jìyà àṣà yìí. Nígbà tí mo ń fẹ́ ìyá yín, wọ́n ní kí n wá bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko, bí ọkọ ìyàwó ṣe máa ń ṣe nígbà náà. Ọmọ Ìjerò ni Ìbídùn, ẹ kúkú mọ̀. Mo dé etí oko wọn, mo ń wo èéfín tó ń rú, mo ń gbọ́ bí àdá ṣe ń dún lára igi. Mo pe bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pẹ̀lú ẹnu Arámọkọ mi. Ohun gbogbo dákẹ́. Èéfín kú. Mo tún pè. Òjò bẹ̀rẹ̀. Mo dúró sínú òjò náà pẹ̀lú iṣu tí mo rù, n kò gbọdọ̀ wọlé, n kò sì lè padà sílé lọ sọ fún bàbá mi pé wọn kò dá mi lóhùn. Ìgbà tí ìyá yín ti odò dé ló tó ké sí wọn, gbogbo wọn sì jáde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, “Mo gbọ́ ọ. Mé è mọ̀ ọ́ ni.” Ìyẹn ni pé òun kò mọ̀ mí ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Ní ìrọ̀lẹ́, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á ní kí n pe òun. Bí mo bá pè é bí ará Arámọkọ, á ṣe bí adití. Àwọn àbúrò rẹ̀ á máa sín mi jẹ títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ojú tì mí, inú bí mi, ìfẹ́ sì ti gbé mi lọ, n kò lè lọ sílé. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n débi pé ìyá rẹ̀ jẹ́ ìpè mi lọ́jọ́ kan láti inú ilé ìdáná, ó rò pé ọmọ òun ọkùnrin ló ń pe òun.

Nígbà tó wá di ìyàwó mi níbí, ẹnu rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀ sí tiwa. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ọmọ ṣe bá a. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé gbà yín lọ́wọ́ wa. Yorùbá inú ìwé ni tíṣà ń sọ, òun ni rédíò ń sọ, òun ni pásítọ̀ fi ń wàásù, Gẹ̀ẹ́sì sì jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Èmi náà, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí. Bí mo bá sọ ọ́ bí bàbá mi ì bá ṣe sọ ọ́, ẹ̀yin àgbà ibẹ̀ lè gbọ́ ìdajì, àwọn ọmọ wọ̀nyí á máa wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Lọ́jọ́ kan, mo lọ sí ọjà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo di ojú bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́mọdé. Ọ̀kadà ń pariwo, sípíkà ẹni tó ń ta oògùn eku ń pariwo, àwọn ènìyàn ń ná ọjà, gbogbo ẹnu sì jọ ara wọn. N kò lè sọ ẹni tó ti Ẹ̀fọ̀n wá. Ẹ̀rù bà mí, mo sì la ojú mi kíá.

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ tù mí nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe ní Lífápùlù, ní ìlú òyìnbó. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀, ó pè mí lórí fóònù, ó ní, “Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ibí yìí kọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ o.” Mo ní kí wá ni wọ́n ń sọ? Ó ní Gẹ̀ẹ́sì náà ni, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń pè é. Ó ní ènìyàn lè wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, kó bọ́ sílẹ̀ ní ìlú kejì, kó má gbọ́ ohun tí ẹni tó ń ta búrẹ́dì wí. Inú mi dùn gan-an. Mo ti rò pé bí rédíò ṣe ń sọ ọ́ ni gbogbo wọn ń sọ ọ́. Mo wá rántí òyìnbó kan tó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nílé ìwé, ará Sìkọ́tíláǹdì, tí í máa gbọn ahọ́n rẹ̀ bó bá ti kan “r”. Gbogbo kíláàsì ń gbọn tiwọn náà. Nígbà tí òyìnbó mìíràn wá láti Lọ́ńdọ̀nù láti yẹ̀ wọ́n wò, ó béèrè pé ta ló kọ́ wọn ní ìsọkúsọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń gbọn “r” rẹ̀ lọ títí tó fi kú.

Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ní ti àwọn òyìnbó náà ń yí. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò pe ọ̀rọ̀ bí àwọn bàbá àgbà wọn ṣe ń pè é mọ́. Àwọn abúlé ń sọ̀rọ̀ bí ìlú ńlá, àwọn ọmọ ìlú ńlá ń mú u láti inú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ àlejò bíi tirẹ̀ sì ń da tiwọn pọ̀ mọ́ ọn. Ó sọ ti ìyá arúgbó kan tó ń tọ́jú. Abúlé kan ní àríwá, níbi tí wọ́n ti ń sin àgùntàn, ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ló ti ṣiṣẹ́ lo ayé rẹ̀, ó ti fọ abúlé kúrò lẹ́nu pátápátá. Nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ wá ń gbàgbé nǹkan, ẹnu abúlé padà wá, ti Lọ́ńdọ̀nù sì lọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ á wá kí i, wọn kò ní gbọ́ ohun tí ìyá wọn ń sọ. Wọ́n á máa wo Bọ́sẹ̀ lójú, ọmọ Arámọkọ, pé kó bá wọn túmọ̀ ìyá wọn. Mo ní, “Àwọn ọmọ yẹn ṣe mí láàánú.” N kò mọ̀ pé ti ilé mi ló ń bọ̀.

Ti ìyá yín bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Á gbàgbé iyọ̀, á tún fi í lẹ́ẹ̀kejì. Á pe Dàpọ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá omi ti gbóná, ẹnu Ìjerò ló sì fi bi mí, ẹnu ìgbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ara mi yá gágá, àfi bí ẹni pé wọ́n dá ìyàwó mi padà fún mi. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí n tó rí i pé ti Arámọkọ ti lọ, pé Yorùbá inú ìwé ti lọ, pé ti ìgbà èwe nìkan ló kù. Bí ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ bá ní, “Màmá, ẹ wá jẹun,” á rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò, kò sì ní dìde. Bí n kò bá sí nílé, oúnjẹ á tutù síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú oko nìkan?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo sùn lọ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ṣí géètì, ó jáde. Ọlọ́kadà kan ló sọ pé òun rí i lọ́nà oko wa àtijọ́, lọ́nà Ìkògòsì, ó ń yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí. Ẹ mọ bí igbó ti rí láyé ìsinsìnyí, ẹ mọ ohun tí àwọn ajínigbé ń ṣe. Ẹ fi mí sílẹ̀ nílé nítorí orúnkún mi, ẹ̀yin àti àwọn aládùúgbò sì wọ inú oko lọ. Dàpọ̀ ń ké “Màmá!” Àwọn ọmọ ń ké “Màmá àgbà!” Àwọn aládùúgbò ń ké “Ìyá Dàpọ̀!” Bọ́sẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, tẹkúntẹkún, pẹ̀lú ẹnu tó ti gba ilé ìwé àti Lífápùlù kọjá. Igbó dákẹ́. Èmi wà níbí, mò ń rìn láti géètì dé ilẹ̀kùn, mò ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ tí n kò gbọdọ̀ tún sọ lójú yín.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Dàpọ̀ sáré padà wá mú tọ́ọ̀ṣì. Ó ní, “Bàbá, kò sí níbẹ̀. A ti pè é káàkiri. Bó bá wà níbẹ̀ ni, ì bá ti dáhùn.”

Gbólóhùn yẹn ló ta mí jí. Mo ní, “Báwo lẹ ṣe pè é?”

Ó wò mí bí ẹni pé ọpọlọ tèmi náà ti fẹ́ máa lọ. Mo ní kó gbé mi sínú mọ́tò.

A dé ibẹ̀, mo ní kí gbogbo yín pa ẹnu mọ́. Mo di igi kòkó kan mú, mo pè é. Mo tẹ orúkọ náà mọ́lẹ̀ bó ṣe kọ́ mi, mo fà á, mo sì dákẹ́. Bọ́sẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, mo na ọwọ́ sí i. Kò sí ìdáhùn. Mo rìn síwájú díẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi pè é, mo tún dúró. Láti ẹ̀yìn àwọn igi tí ẹ ti kọjá léraléra, ohùn kékeré kan jáde.

“Ìsí?”

“Ọkọ rẹ ni o. Ará Arámọkọ.”

“Kí ọ rù?”

“Uṣu ni. Uṣu ni mo rù wá fún bàbá rẹ.”

Ó tún bi mí pé, “Ùwọ nìkan ni?”

“Èmi nìkan ni,” mo ní, gbogbo yín sì dúró tì mí.

Ó yọ. Ewé wà lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti bọ́ bàtà. Bó ti rí yín, ó sáré bọ́ sẹ́yìn mi, ó di apá mi mú, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé, “Rọra o. Àlejò kún inú oko yìí. Wọ́n ti ń pe orúkọ mi látàárọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sunkún.”

Bọ́sẹ̀, mo rí ojú rẹ lọ́jọ́ náà, mo sì ń rí i báyìí. Má bínú pé mo tún sọ ọ́.

Dàpọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà rọrùn, kí n pe orúkọ rẹ̀ kí fóònù gbà á sílẹ̀, wọ́n á máa fi fóònù pè é. A dán an wò. Ìyá yín gbọ́ ọ, ó yí orí, ó ní, “Ìsí?” Fóònù tún pe orúkọ rẹ̀. Ó bi í ní ohun tó rù. Fóònù tún pe orúkọ rẹ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ẹ̀yìn tì í. Ó kù díẹ̀ kí n ju nǹkan náà sínú kànga. Ẹni tí yóò pè é gbọ́dọ̀ lè dá a lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé yín. Mo ní kí Dàpọ̀ gbé mi lọ sí Ìjerò bóyá a ó rí ẹnìkan. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó ń sín mi jẹ ti lọ tán. Àwọn ọmọ wọn gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé mínírà fún wa, wọ́n sì ń bá wa sọ Yorùbá rédíò. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ó pe orúkọ ìyá yín bí ẹni tó ń ṣe eré orí ìtàgé. A dúpẹ́, a sì padà wá sílé.

Ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín nìyí. Láti ìgbà tí mo ti ké nínú oko yẹn, ọ̀fun mi kò tíì padà sípò. Ẹ̀ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń ha. Ẹ rò pé òtútù ni, èmi náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Mo mu oyin, mo mu ọsàn wẹ́wẹ́, mo pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ kan gbáko, kò gbọ́. Lánàá, ìyá yín jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é. Mo rí i pé ó gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò yíjú padà, kò bi mí pé ìsí. Ó rọra gbé àwo ẹ̀gúsí náà sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó sì dákẹ́ rọ́rọ́, ó ń dúró kí n kọjá lọ.

Ìyá yín ti jí lójú oorun ọ̀sán. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú yàrá. Bọ́sẹ̀, dìde, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn kí o pè é: tẹ orúkọ náà mọ́lẹ̀, kí o fà á, bí o ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú oko. Má sunkún. Bó bá bi ọ́ léèrè, dá a lóhùn.